Ṣé ìgbàlà lè sọnù? Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ìbẹ̀wò ní Òṣogbo

Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò tí mo ń ṣe ní ìjọ wa ní Òṣogbo níbí, ohun kan ti yé mi: ẹni tó ń béèrè bóyá ìgbàlà òun ti bọ́ sọnù, òun kọ́ lẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ wá lóminú. Ẹni tó ti fi ìjọ sílẹ̀, tí kì í gbàdúrà mọ́, tí eruku ti bo Bíbélì rẹ̀ lórí àpótí, kì í béèrè nǹkan kan. Bá a bá dé ilé rẹ̀, á bá wa ṣàwàdà, á ní kí wọ́n ra mínírà tútù wá fún wa, á béèrè bí iṣẹ́ ilé ìjọsìn tuntun ṣe ń lọ. Ẹni tó ń sunkún pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀, bẹ́ ẹ bá wádìí, ó ti gbàdúrà láàárọ̀ kí ẹ tó dé, ó sì ṣeé ṣe kó ti gbààwẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá àwọn ọ̀dọ́ ja ìjà yìí bí wọ́n ṣe ń jà á ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Apá kan á ju Hébérù 6 lu ìkejì, pé ẹni tó bá ṣubú kò ṣeé sọ di ọ̀tun mọ́; ìkejì á ju Jòhánù 10 padà, pé kò sẹ́ni tó lè já wa gbà lọ́wọ́ Jésù. Èmi máa ń bi wọ́n pé: ta lẹ fẹ́ lọ kà á fún?

CAC (Christ Apostolic Church) ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá dàgbà sínú CAC ní agbègbè wa yìí, ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní ọdún 1930 kì í ṣe ìtàn inú ìwé lásán fún un. Iléṣà ò jìnnà sí wa. Àwọn àgbà ìjọ máa ń sọ bí èrò ṣe ya lọ bá Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí wọ́n gbé omi lọ fún àdúrà, tí wọ́n sì kó oògùn ilé wọn jáde kí wọ́n dáná sun ún. Ìjọ tó bá ti irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá, wàásù rẹ̀ kì í rọ̀. Ohun tí a gbọ́ dàgbà ni pé ìgbàlà ò ṣeé fi tàfàlà, pé èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó má parí rẹ̀. Ẹni tó bá forí tì í títí dé òpin, òun ni a ó gbà là: Mátíù 24:13, a ti mọ̀ ọ́n sórí kí a tó mọ ìṣirò. Gbogbo ìsọjí tí oníwàásù bá ti ní kí àwọn tó fẹ́ fi ayé wọn fún Jésù bọ́ síwájú, èmi náà á bọ́ síwájú. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ máa ń ní a ò tiẹ̀ mọ èyí tó mú nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ó ní ẹni tó ń wẹ̀ lójoojúmọ́ lara rẹ̀ ń mọ́.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọkọ mi, Jòhánù 13 ló ṣí fún mi. Pétérù ní kí Jésù fọ ọwọ́ àti orí òun mọ́ ẹsẹ̀. Jésù ní ẹni tó ti wẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló kù kó máa fọ̀. "Ẹsẹ̀ ni Màmá ń sọ," ló wí. "Ìwẹ̀ ti parí." Onítẹ̀bọmi paraku ni ọkọ mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ti bí ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ pé ẹni tí Ọlọ́run bá gbà là kò lè ṣègbé wà lára ohun tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi gbé wá láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti orí Thomas Jefferson Bowen tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, tó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855.

Àwọn èèyàn wa ní CAC máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ yẹn ń fún èèyàn láyè láti dẹ́ṣẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá ka ohun tí àwọn Onítẹ̀bọmi kọ sílẹ̀ ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ New Hampshire, tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà ní 1833, sọ ọ́ gbangba pé kìkì àwọn tó bá forí tì í dé òpin ni onígbàgbọ́ tòótọ́. Bẹ́ ẹ bá wo gbólóhùn yẹn dáadáa, ó fẹ́ẹ̀ le ju ti CAC lọ. CAC á ní o ti rí i gbà, o sì sọ ọ́ nù, tètè padà wá. Onítẹ̀bọmi á ní bóyá o ò tiẹ̀ ní i rí. Èwo ló ń dẹ́rù bani jù nínú méjèèjì? (Ká sọ òótọ́, bẹ́ ẹ bá jókòó sí ìsọjí Onítẹ̀bọmi ní ìlú yìí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Oníwàásù á kìlọ̀ fún apadàsẹ́yìn títí òógùn á fi rin kọ́là rẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ Démà ni mo fi ń dán àwọn méjèèjì wò. Nínú Kólósè àti Fílémónì, Démà wà lára àwọn alábàáṣiṣẹ́ Pọ́ọ̀lù. Nígbà tó máa fi di 2 Tímótíù 4, ó ti fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí, ó ti gba Tẹsalóníkà lọ. Ìyá mi á ní: ó ṣubú. Ọkọ mi á ka 1 Jòhánù 2:19, pé wọ́n ti ọ̀dọ̀ wa jáde nítorí pé wọn kì í ṣe ara wa. Ohun tó ti kọjá nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Bí Démà bá kan ilẹ̀kùn wọn lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì máa bá a sọ.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà dé orí tábìlì ẹgbẹ́ ìbẹ̀wò ni fọ́ọ̀mù kan. Akọ̀wé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, lẹ́yìn náà àyè mẹ́ta tí a ó máa fi máàkì sí: onígbàgbọ́, apadàsẹ́yìn, aláìgbàgbọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni o, níbi tí mo ti ń jọ́sìn báyìí. Mo bi í pé ṣé onígbàgbọ́ ni apadàsẹ́yìn àbí òun kọ́. Ó ní àyè tirẹ̀ yàtọ̀ ni, Mà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù náà dojú rú lórí rẹ̀ ni Màmá kan ní Òkè-Baálẹ̀ tí gbogbo ìjọ mọ̀. Òun ló máa ń dáná fún àwọn àlejò nígbà ìpàdé ọdọọdún; ẹni tó bá jẹ àmàlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á béèrè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu náà padà, àmọ́ ìrántí ò padà tán. Kò lè ka Àdúrà Olúwa já mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá dé ibi oúnjẹ òòjọ́, á dákẹ́, á máa wò mí.

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé Ọlọ́run ti gba Ẹ̀mí Rẹ̀ lọ́wọ́ òun bó ṣe gbà á lọ́wọ́ Ọba Sọ́ọ̀lù. Mo ní, "Màmá, àìsàn ló ń ṣe yín." Ó ní, "Ìyàwó, má tàn mí. Mo ti ń sin Ọlọ́run kí wọ́n tó bí ẹ." Ó ní òun máa ń jí lóru, òun á fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ò ní wá. Ó ní kí n ka Hébérù orí kẹfà fún òun.

Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká ka Sáàmù. Ó kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo kà á: àwọn tí a ti là lójú, tí wọ́n ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò, tí wọ́n ti di alábàápín Ẹ̀mí Mímọ́, bí wọ́n bá ṣubú kúrò, kò ṣeé ṣe láti tún sọ wọ́n di ọ̀tun sí ìrònúpìwàdà. Ó ń mi orí sí i lẹ́sẹẹsẹ. Ẹsẹ kẹjọ ni àwọn èèyàn máa ń pa ìwé dé, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gún àti iná wà. Mo kà á kọjá ibẹ̀. Ní ẹsẹ kẹsàn-án, òǹkọ̀wé náà yí ohùn padà, ó pè wọ́n ní olùfẹ́, ó ní ohun tó sàn ju ìyẹn lọ dá òun lójú nípa wọn. Ẹsẹ kẹwàá wá ní Ọlọ́run kì í ṣe aláìṣòdodo tí yóò fi gbàgbé iṣẹ́ wọn àti ìfẹ́ tí wọ́n fi hàn sí orúkọ Rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn èèyàn mímọ́.

Màmá ní, "Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.

Ó ní, "Gbogbo àmàlà yẹn?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo rẹ̀ pátá ni, Màmá, àti gbẹ̀gìrì ẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ti gbàgbé pé a kà á. Ó tún bi mí nípa Sọ́ọ̀lù. A tún ṣí Hébérù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ó fi sùn nínú Olúwa, kò sì sígbà kankan tí ẹsẹ kẹwàá ò ṣe é bí ìròyìn tuntun.

Màmá yìí ló jẹ́ kí n sún mọ́ ọ̀dọ̀ ọkọ mi nínú àríyànjiyàn náà. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ Màmá ni ìgbàlà rẹ̀ wà, kí ló kù tí ì bá fi dì í mú? Kò rántí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójoojúmọ́. Jòhánù 10:28 àti 29 ní ọwọ́ Jésù ló wà, ọwọ́ Bàbá sì tún bò ó, kò sì sẹ́ni tó lè já a gbà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yòówù tó bá ní ohun mìíràn láti sọ fún obìnrin tí àìsàn mú ìrántí rẹ̀ lọ, mi ò lè gbé e dé Òkè-Baálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ ká ní irú Màmá yìí nìkan ló wà nínú ìwé wa.

Télọ̀ kan wà ní Ayétòrò tí wọ́n ti máàkì ní apadàsẹ́yìn ṣáájú kí n tó mọ̀ ọ́n. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìjọ ló jẹ, ẹni tó ṣe onídùúró rẹ̀ sì ń jókòó sí ìlà iwájú ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti ń lọ sí ìjọ mìíràn ní Òkè-Fìà, kódà ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn. Irú rẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: gbèsè, ìtìjú owó ìkọ́lé tí wọn ò lè san, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ọjọ́ Ìsinmi. A máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìpadàsẹ́yìn nítorí pé a ò béèrè.

Ti Àlhájà yàtọ̀ sí ìyẹn. A jọ dàgbà ni. Òun ló máa ń dá orin nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó ṣèrìbọmi, ó kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, a jọ gbààwẹ̀ lórí òkè. Ó fẹ́ Mùsùlùmí, ó gba ẹ̀sìn náà, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìgbọ̀nà báyìí. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì ní Òṣogbo Òròkí. Agboolé wo ní ìlú yìí ni kò ní Kírísítẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun lábẹ́ òrùlé kan náà? Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìjọ ló sin ín, Àlhájà ló sì ra màlúù.

Mo máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo bá lọ sọ́jà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọ̀rẹ́ ni wá, ohun tó rò nípa ìgbà yẹn. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é ní ìṣubú. Èmi ò ṣubú, mo ṣí lọ ni." Mo sọ fún un pé mo ń gbàdúrà pé kó padà. Ó ní òun náà ń ṣe dùáà pé kí n rí ọ̀nà. A jọ rẹ́rìn-ín, ó sì já owó aṣọ fún mi, àmọ́ kò sí ẹni tó ń ṣeré nínú wa.

Nídìí ọ̀rọ̀ Àlhájà ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti ń sú mi. Ọkọ mi, tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà yẹn, lè sọ pé kò ní i rí. Èmi tí mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí òkè, ẹnu mi ò gbà á. Bí ti ẹni yẹn ò bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo fi mọ̀ pé tèmi jẹ́ òótọ́? Bí mo bá sì gba ti ìyá mi, pé ó ti ní i, ó sì sọ ọ́ nù, Hébérù 6 tí a fi ń ti ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn ní kò ṣeé ṣe kó padà mọ́. Kí ló dé tí a ṣì ń pe apadàsẹ́yìn síwájú ní gbogbo ìsọjí? Mi ò tíì pàdé oníwàásù tó tẹ̀ lé ẹsẹ yẹn dé ibi tó ń lọ.

Àwọn ará ìṣáájú náà kàn án. Ní ọdún 250, Késárì Décius pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Kírísítẹ́nì kan kọ̀, wọ́n kú. Àwọn kan rúbọ. Àwọn kan fowó ra ìwé ẹ̀rí láìrúbọ (ìwé ẹ̀rí rírà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa). Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n ń sunkún bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ìjọ. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, ní ìjọ kò láṣẹ láti gbà wọ́n padà. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Kátééjì ní Àríwá Áfíríkà, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pé jọ síbẹ̀ ní 251 ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kálukú yẹ̀ wò, kí ẹni tó rúbọ máa ronú pìwà dà fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn pa. Ohun tó wù mí nínú ìpinnu náà ni pé ojú olúkúlùkù ni wọ́n wò.

Ní Holland pẹ̀lú, àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kan, kọ kókó márùn-ún sílẹ̀ ní 1610, lọ́dún kejì ikú ọ̀gá wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí bóyá onígbàgbọ́ lè ṣubú pátápátá, wọ́n ní àwọn ṣì máa wádìí Ìwé Mímọ́ sí i kí àwọn tó lè fi ìdánilójú kọ́ni. Ìpàdé àwọn aṣáájú ìjọ ní ìlú Dort ní 1618 sí 1619 kò wádìí sí i fún wọn. Ó ní Ọlọ́run á pa àwọn tirẹ̀ mọ́ dé òpin, ó parí. Àwọn oníwàásù méjì, Wesley tó ní onígbàgbọ́ lè ṣubú àti Whitefield tó ní kò lè ṣubú, tún jà á ní England, débi pé ọ̀nà wọn pín. Síbẹ̀, nígbà tí Whitefield kú ní 1770, Wesley ló wàásù ìsìnkú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọkọ mi fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà, nítorí pé ó ní èmi ni Wesley.

Ibi tí èmi dúró sí ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27. Wọ́n ń mú Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, ìjì dé. Áńgẹ́lì sọ fún un lóru pé kò sẹ́ni tó máa kú, ọkọ̀ nìkan ló máa ṣòfò. Àwọn 276 ló wà nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kéde rẹ̀ fún gbogbo wọn, ó ní òun gba Ọlọ́run gbọ́. Lẹ́yìn náà àwọn atukọ̀ ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ ju ìdákọ̀ró, kí wọ́n lè sá lọ. Pọ́ọ̀lù sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí ò bá dúró sínú ọkọ̀, ẹ ò lè là. Àwọn ọmọ ogun gé okùn. Ìlérí náà dájú, ìkìlọ̀ náà kì í sì í ṣe àṣehàn: bí àwọn atukọ̀ bá lọ, wọ́n á rì. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni Ọlọ́run fi mú ìlérí Rẹ̀ ṣẹ. Nítorí náà mo ń ka Jòhánù 10 fún ẹni tó ń gbọ̀n, mo ń ka Hébérù 6 fún ẹni tó ń tú okùn ọkọ̀ kékeré, mi ò sì rò pé mo ń parọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọkọ mi gbà lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi ò gbà. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá ní, "Bí àwọn ọmọ ogun yẹn ò bá gé okùn ńkọ́?" Mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọkọ mi náà ò tíì rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbìyànjú títí oúnjẹ fi tutù.

Ní ti fọ́ọ̀mù, a gbé e wá sípàdé ẹgbẹ́. Mo ní kí akọ̀wé bá mi fi máàkì sí orúkọ Àlhájà àti ti Màmá, kó ṣàlàyé èyí tó bá yàn. Ó di bírò mú, kò kọ nǹkan kan. Díákónì kan ní kí a fi "apadàsẹ́yìn" sílẹ̀, pé ó ń jẹ́ kí èèyàn mọ bí iṣẹ́ ṣe tó. Wọ́n jà á díẹ̀. Níkẹyìn a yọ àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a fi òmíràn rọ́pò wọn: ọjọ́ tí a lọ, ẹni tó lọ, ohun tí wọ́n nílò, ìgbà tí a ó padà. Pásítọ̀ fọwọ́ sí i. Àmọ́ ìròyìn ọdọọdún tí à ń fi ránṣẹ́ sókè ṣì ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye apadàsẹ́yìn, akọ̀wé sì ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kò tíì sẹ́ni tó pè wá sí i.